Ta Ló Lọ Aṣọ Wọ̀nyí?

Ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà ni wọ́n fi wé ọṣẹ náà,
ọṣẹ ìfọṣọ tó bá ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí Kútọnu,
tí Àyọ̀ká, ìyá tó bí ìyá mi, rà ní faránkì kan,
tó gbé e wá sí Àjàṣẹ́, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀
níbi tó ti ń lọ aṣọ àwọn Àgùdà.

Ó tú ọṣẹ. Àwòrán yọjú:
àwọn obìnrin, wọ́n á tó ọgọ́ta, lórí títì gbooro kan,
aṣọ funfun láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀,
ọ̀já gba èjìká wọn kọjá bí okùn apó ọdẹ.
“Ṣé wọ́n ń lọ gba Ara Olúwa ni?” ó bi Sírílù akọ̀wé.
Sírílù na ìwé síwájú, ó fà á sún mọ́ imú:
“Rárá o. Ìbò ni wọ́n ń bèèrè.
Wọ́n ní ohùn tàwọn náà gbọ́dọ̀ wọnú àpótí.”

Ìyá àgbà kò rẹ́rìn-ín. Kò pariwo.
Ó tẹjú mọ́ ẹni kẹta láti ọwọ́ òsì,
ó fi èékánná tọ ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀ lọ sílẹ̀:
“Iṣẹ́ ẹni tó mọ iná lò ni èyí.
Ta ló lọ aṣọ wọ̀nyí?
Ṣé òun náà wà lórí títì, àbí ó wà nílé nídìí èédú?”
Sírílù ní ìwé kò sọ.

Ọdún kejì, ọkọ rẹ̀ kú.
Erùpẹ̀ ojú oórì kò tíì gbẹ tí àwọn àbúrò ọkọ fi dé,
àwọn mẹ́ta, pẹ̀lú ìwé, pẹ̀lú páàdì tàdáwà:
“Tẹ àtàǹpàkò rẹ síbí, ìyàwó wa.
Ogún ni ọ́. Ogún kì í sì í jogún.”
Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe opó òun tán.

Inú oṣù mẹ́ta yẹn ni màmá mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ,
kọ́ ọ ní orúkọ ara rẹ̀ lálaalẹ́.
Èédú inú áyọ́ọ̀nù ni gègé, ògiri ni ìwé.
A: òrùlé, pẹ̀lú igi àjà lágbedeméjì.
Y: igi ẹlẹ́ka méjì tó ń gbé okùn aṣọ dúró.
O: ẹnu kànga.
K: obìnrin tó na ọwọ́ kan sókè, tó yọ ẹsẹ̀ kan síwájú.
Ó wo K yẹn pẹ́. Ó wo àwòrán tó lẹ̀ mọ́ ògiri.
A: òrùlé lẹ́ẹ̀kan sí i.
“Háà! Ilé ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ mi,
ilé náà ló parí rẹ̀.”

Ní ọ́fíìsì kọmandáà, wọ́n ti ṣí páàdì tàdáwà dè é.
Ó tì í padà. “Ẹ fún mi ní gègé.”
Ẹ̀rín bú. Àbúrò ọkọ kan ní
adìẹ tó ń fi ẹsẹ̀ tan ilẹ̀ fẹ́ di akọ̀wé.
Ó kọ ọ́. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán. Y rẹ̀ wọ́,
tàdáwà ń ro sórí tábìlì bí omi aṣọ tí a kò fún dáadáa.
Kì í ṣe ìwé tiwọn ló kọ ọ́ sí.
Ìwé tirẹ̀ ni, tí Sírílù bá a kọ lóru láìgbowó,
pé aṣọ tí òun lọ̀ ló ra bíríkì ilé yẹn.

N kò ní purọ́ fún yín. Kò borí.
Wọ́n gba iwájú, wọ́n gba òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
wọ́n fi yàrá méjì ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ fún un, àti kànga.
“‘A’ kan ti lọ,” ó wí, ó ń fẹ́ná, “‘A’ kan kù.”
Inú ‘A’ tó kù yẹn ni wọ́n bí mi sí.

Lánàá mo lọ dìbò. Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀
ti tàdáwà sí mi, ó ní kí n tẹ àtàǹpàkò mi.
Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú tì mí díẹ̀ fún ẹni tí yóò ti bèèrè gègé.
Bùláọ̀sì funfun ló wọ̀, ìṣẹ́po apá rẹ̀ mú bí abẹ.
N kò mọ ìgbà tí ẹnu mi là:
“Ta ló lọ aṣọ yìí?”
“Èmi fúnra mi ni, ìyá,” ó wí,
ó sì pe ẹni tó kàn.